Bí A Ṣe Ń Gba Agbára Padà Lẹ́yìn Àìsàn: Ìtàn Ìtọ́jú Àwọn Tí Kòrónà Kò Tíì Fi Sílẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ wa tòní jẹ mọ́ ìlera, ṣùgbọ́n ìtàn ni a ó fi sọ ọ́. A fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ ọgbọ́n láti gba agbára ara padà lẹ́yìn àìsàn ńlá. A fẹ́ mọ̀ pàápàá ohun tí wọ́n ti rí nípa àwọn tí àrùn Kòrónà mú, tí wọ́n yè é, ṣùgbọ́n tí ara wọn kò padà sí bí ó ti wà. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí ẹnì kan bá wà nílé yín tí kò mọ̀wé, ẹ kà á sí i létí.

Ta ni à ń sọ nípa rẹ̀?

Kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Wuhan, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní ìparí ọdún 2019. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní i ní ilẹ̀ Tógò. Ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà, wọ́n rí ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo wa ni a rántí ìgbà náà: ìbòmú lẹ́nu, omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, a kò bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbà pàjáwìrì ti kọjá. Kì í ṣe pé àrùn náà tán nílẹ̀ o. Ó ṣì wà, ṣùgbọ́n kò tún da ayé rú bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mú ni ara wọn yá láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ti wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ibà lọ, ikọ́ lọ, ṣùgbọ́n àárẹ̀ dúró. Ẹni tí ó máa ń kọ ọgọ́rùn-ún ebè kí oòrùn tó mú kò lè kọ mẹ́wàá mọ́. Obìnrin tí ó máa ń ru ẹrù lọ sí ọjà ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gbé garawa omi kan ṣoṣo. Bí ó bá dìde dúró, ojú rẹ̀ a ṣú, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì. Bí ó bá fẹ́ ronú, ọkàn rẹ̀ a dà bí ẹni pé kùrukùru bò ó.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ bí a ó ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, bí ó bá ti tó oṣù 3 tí Kòrónà ti mú ènìyàn, tí irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí ó ti bá a jà tó oṣù 2 ó kéré tán, tí a kò sì rí àìsàn mìíràn tí ó fà á, a lè pè é ní Kòrónà ọlọ́jọ́ gígùn. Àjọ náà fojú bù ú pé, nínú ènìyàn 100 tí Kòrónà mú, nǹkan bí 6 ni ó ń rí bẹ́ẹ̀ fún.

Kí ni a ó ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ṣé kí ó sùn ni, tàbí kí ó dìde? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe dáhùn rẹ̀.

Ìgbà tí ibùsùn jẹ́ oògùn

Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà òyìnbó gbà pé ìsinmi ni oògùn tí ó ju gbogbo oògùn lọ. Ní ọdún 1863, oníṣẹ́-abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ń jẹ́ John Hilton tẹ ìwé kan jáde nípa ìsinmi àti ìrora, àwọn dókítà sì kà á fún ọdún pípẹ́. Ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tí ó ń jẹ́ Silas Weir Mitchell ní ìlú Philadelphia mú un kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn tí àárẹ̀ mú, pàápàá àwọn obìnrin, ni ó máa ń dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Wọn kò gbọdọ̀ dìde. Wọn kò gbọdọ̀ kàwé, wọn kò gbọdọ̀ ránṣọ. Wàrà àti oúnjẹ ni a ń fún wọn bí ọmọ ọwọ́.

Èyí pẹ́ kí ó tó yí padà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn dókítà ń fẹ́ kí àwọn ọmọ ogun tètè dìde. Wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó tètè dìde ń yá ju àwọn tí ó dùbúlẹ̀ lọ. Ní ọdún 1947, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Asher, kọ̀wé nípa ewu tí ó wà nínú kí á máa dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ní, bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa dá egbò, oríkèé rẹ̀ a máa le, iṣan rẹ̀ a máa joro. Ní ọdún 1952, Samuel Levine àti Bernard Lown ní ìlú Boston ròyìn bí wọ́n ṣe gbé àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù jókòó sórí àga, dípò kí wọ́n máa dùbúlẹ̀. Ó ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu nígbà náà.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyẹn: ara tí a kò lò a máa bàjẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àdá tí a fi pamọ́ sí igun ilé, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́.

Àwọn tí ó sọ ìdárayá di iṣẹ́ ìwòsàn

Àwọn kan ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1813, ọkùnrin ará Sweden kan tí ó ń jẹ́ Pehr Henrik Ling dá ilé-ẹ̀kọ́ ìdárayá sílẹ̀ ní ìlú Stockholm. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti fi ìdárayá àti ọwọ́ wo ara tí kò le. Ní ọdún 1894, àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin 4 ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ń fi ọwọ́ wọ́ ara fún aláìsàn, kí iṣẹ́ náà lè ní òfin, kí ó sì ní iyì. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní.

Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní parí ní ọdún 1918, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun ni ó padà sílé láìní apá tàbí ẹsẹ̀. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ó kọ́ wọn láti rìn, láti mú nǹkan, láti padà sí ẹnu iṣẹ́. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ tiwa, nítorí èdè Faransé tí a ń lò ní ilé ìwòsàn, kiné ni a ń pe ẹni tí ń ṣe é. Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ẹnì kan, tàbí tí ẹnì kan bá ṣubú láti orí alùpùpù tí egungun rẹ̀ ṣẹ́, kiné ni ẹni tí ó ń bá a na apá, tí ó ń bá a tẹ ẹsẹ̀, títí yóò fi tún lè dá rìn. Ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò ni a ó máa pe iṣẹ́ náà nínú ìwé yìí.

Ohun tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ́ ayé

Kò sí agbègbè kan ní ilẹ̀ wa tí kò mọ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ń fi ọ̀pá rìn lónìí, ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ó mú wọn. Àrùn náà fìyà jẹ àwọn òyìnbó náà. Franklin Roosevelt, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, jẹ́ ẹni ọdún 39 nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ní ọdún 1921. Ó lọ sí abúlé kan tí ń jẹ́ Warm Springs, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Ó rí i pé nínú omi, ẹsẹ̀ òun ń mì díẹ̀. Ó sọ ibẹ̀ di ilé ìtọ́jú fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1952, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Copenhagen, olú ìlú Denmark. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lè mí mọ́. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí á la ọ̀nà sí ọ̀fun wọn, kí á sì máa fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà kan tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó tó 1500 ni ó pín iṣẹ́ náà ṣe, tọ̀sán tòru. Wọ́n gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Láti ibẹ̀ ni ibi ìtọ́jú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, irú ibi tí wọ́n gbé àwọn tí Kòrónà dá wó sí ní ọdún 2020.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni èyí. Àwọn tí ó yè rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni a sọ fún pé kí wọ́n tiraka, kí wọ́n má ṣe sinmi, kí wọ́n fi ipá lé àìlera lọ. Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rìn, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n bímọ, wọ́n kọ́lé. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1980, ohun tí ẹnì kankan kò retí ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, lẹ́yìn 30 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Àárẹ̀ tuntun dé, ìrora tuntun dé. Ní ọdún 1984, àwọn dókítà péjọ sí Warm Springs kan náà láti wá ìdí rẹ̀. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ gbà ni pé àwọn ẹ̀ya ara tí ń gbé ìròyìn lọ sí iṣan ti kú púpọ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn tí ó kú. Ẹni kan ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, ó ṣe é fún 30 ọdún, ó wá rẹ̀ ẹ́. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún wọn yí padà: ẹ máa rìn, ṣùgbọ́n ẹ máa sinmi kí ó tó rẹ̀ yín.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà ń jà lọ́wọ́, a kéde pé oríṣi rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì tí àrùn náà fi sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀: ara tí àìsàn ti jẹ nínú rẹ̀ kò ṣeé lé bí ara tí ó gbó.

Àárẹ̀ tí wọn kò gbàgbọ́

Ní oṣù keje ọdún 1955, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe àwọn aláìsàn ni ó mú jù. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mú tó 292, wọ́n sì ní láti ti ilé ìwòsàn náà pa títí di oṣù kẹwàá. Orí ń fọ́ wọn, iṣan ń dùn wọ́n, àárẹ̀ ńlá sì mú wọn. Ti àwọn mìíràn kò lọ bọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1970, àwọn dókítà méjì kan kọ̀wé pé ìpayà lásán ni. Wọ́n ní nítorí pé obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀rù ni ó ràn wọ́n. Wọn kò yẹ ẹnì kankan nínú wọn wò kí wọ́n tó kọ ọ́. Ìwé ni wọ́n wò. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá mú, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Wọ́n ń sọ fún wọn pé ara wọn kò ṣe nǹkan kan, ọkàn wọn ni.

Nítorí èrò yìí, wọ́n ṣe ìtọ́jú kan fún wọn: kí wọ́n máa fi kún ìdárayá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ wọ́n tó. Ní ọdún 2007, àjọ tí ń tọ́ àwọn dókítà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, NICE, gbà wọ́n níyànjú láti ṣe é. Àwọn aláìsàn pariwo pé ìtọ́jú náà ń sọ àwọn di ẹni tí kò lè dìde mọ́. Ó pẹ́ kí á tó gbọ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, NICE yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní kí á má ṣe fún wọn ní irú ìdárayá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gba òwe yìí gbọ́.

Nígbà tí Kòrónà dé

Nígbà tí Kòrónà bẹ̀rẹ̀, àwọn dókítà rò pé oríṣi ènìyàn méjì ni yóò wà: àwọn tí yóò wà nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, àti àwọn tí yóò dé ilé ìwòsàn. Àwọn aláìsàn fúnra wọn ni ó sọ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, obìnrin ará Ítálì kan tí ó ń jẹ́ Elisa Perego, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́ tí a ń wú láti inú ilẹ̀, fún àìsàn náà ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é lónìí. Kì í ṣe dókítà. Òun náà ni Kòrónà mú, tí kò sì fi í sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé jókòó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn aláìsàn.

Lára àwọn tí ó mú ni àwọn kiné wà pẹ̀lú. Àwọn tí ó ti ń sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó dìde ni kò lè dìde mọ́. Ní ìparí ọdún 2020, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àjọ àgbáyé àwọn kiné gbé ìwé jáde pé, kí á tó fún ẹnikẹ́ni tí ó ní Kòrónà ọlọ́jọ́ gígùn ní ìdárayá, kí á kọ́kọ́ bi í: “Bí o bá ṣe iṣẹ́, báwo ni ara rẹ ṣe ń rí ní ọjọ́ kejì?” Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí sínú ìmọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn dókítà.

Ẹ jẹ́ kí á dúró lórí ìbéèrè yẹn, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Ẹni tí ara rẹ̀ le, bí ó bá ṣiṣẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn, ilẹ̀ mọ́, agbára padà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní Kòrónà ọlọ́jọ́ gígùn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ tí ó ju agbára wọn lọ lónìí, wọ́n lè má mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀la tàbí ní ọ̀tunla ni yóò dá wọn dùbúlẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ púpọ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó tún dìde. Nígbà mìíràn wọn kò ní padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Ṣé ìmẹ́lẹ́ ni? Rárá o. Ní ìlú Amsterdam, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kó àwọn 25 tí ó ní àìsàn yìí àti àwọn 21 tí ara wọn dá jọ. Wọ́n gé iṣan díẹ̀ lára ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan, lẹ́yìn náà wọ́n tún gé iṣan díẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Nínú iṣan àwọn aláìsàn, ibi tí ara ti ń sọ oúnjẹ di agbára kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì burú sí i lẹ́yìn tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n rí iṣan tí ó ti bàjẹ́. Ohun tí wọ́n fi ojú rí nìyẹn. Kì í ṣe èrò ọkàn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ìdárayá jẹ́ ọ̀tá gbogbo ẹni tí Kòrónà ti mú. Ní oṣù kejì ọdún 2024 kan náà, ìwádìí mìíràn jáde láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales lórí ènìyàn 585 tí Kòrónà ti gbé dé ilé ìwòsàn tẹ́lẹ̀. Àwọn tí a kó jọ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, tí a ń ṣọ́ wọn ṣe ìdárayá, tí a sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, gbádùn ayé ju àwọn tí a fún ní ìmọ̀ràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà, oògùn kan kò wo gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ pẹ́ ní ilé ìwòsàn tí iṣan rẹ̀ joro, ìdárayá ni yóò gbé e dìde. Ẹni tí iṣẹ́ ń dá dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ìwọ̀n ni yóò gbà á là. Ìbéèrè ọjọ́ kejì yẹn ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàrin wọn.

Bí a ṣe ń wọn agbára

Ẹ ronú nípa àmù omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kànga ti gbẹ. Ìyálé ilé tí ó gbọ́n kò ní da gbogbo omi inú àmù sí aṣọ fífọ̀ ní òwúrọ̀. Ó mọ̀ pé a ó sebẹ̀, a ó wẹ ọmọ, a ó mu, omi ọ̀la kò sì tíì dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí Kòrónà kò tíì fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe sí agbára rẹ̀. Ohun tí àwọn kiné ń kọ́ wọn nìyí:

1. Kí aláìsàn ṣọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tí ó mọ̀wé nínú ilé lè bá a kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tí ó ṣe lónìí, bí ara rẹ̀ ṣe rí ní ọ̀la àti ní ọ̀tunla. Láìpẹ́, wọn yóò mọ ìwọ̀n iṣẹ́ tí ara rẹ̀ lè gbà.

2. Kí ó dúró kí ó tó dé ìwọ̀n náà. Kí ó má ṣe dúró títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ kí ó tó jókòó. Bí ara bá yá a lọ́jọ́ kan, kí ó má ṣe fi ọjọ́ náà san gbogbo gbèsè iṣẹ́ ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

3. Kí ó pín iṣẹ́. Kí ó jókòó bó ẹ̀gẹ́, kí ó jókòó wẹ̀, kí ó jókòó dáná. Iṣẹ́ tí ó le, kí ó ṣe ọ̀kan lónìí, kí ó fi èkejì sí ọjọ́ mìíràn. Èyí tí ọmọ lè ṣe, kí ó fi sílẹ̀ fún ọmọ.

4. Bí mímí bá ṣòro, kí ó jókòó, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé orúnkún tàbí orí tábìlì. Kí ó fa èémí sínú gba imú, kí ó tú u síta gba ẹnu ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá wà ní ìdúró, kí ó fara ti ògiri.

5. Bí ó bá ti pẹ́ tí iṣẹ́ kò dá a dùbúlẹ̀ mọ́, ó lè fi kún un díẹ̀. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún àwọn aláìsàn pín ìpadà sí iṣẹ́ sí ìpele 5. Wọ́n ní kí ènìyàn lo ọjọ́ 7 ó kéré tán ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tí ó wà bá le fún un, kí ó padà sẹ́yìn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ kan le? Aláìsàn ni à ń bi. Ní àwọn ọdún 1960, onímọ̀ ará Sweden kan, Gunnar Borg, ṣe ìwọ̀n kan tí ènìyàn fi ń sọ nọ́ńbà bí iṣẹ́ ṣe le tó lára rẹ̀. Àwọn kiné ṣì ń lo irú rẹ̀: 0 ni ìsinmi, 10 ni èyí tí ó le jù lọ. Ẹ wò ó, ẹ̀rọ kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn ni ìwọ̀n náà.

Ṣùgbọ́n àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí á fi ilé wò. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, bí kò bá lè mí nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, bí ó bá dákú, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn ún, bí apá kan ara bá rọ lójijì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni Kòrónà. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ikọ́ ẹ̀gbẹ, gbogbo wọn ń mú àárẹ̀ wá, wọ́n sì ní oògùn tiwọn. Ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Kò tíì sí oògùn kan tí a ń mu tí yóò wo Kòrónà ọlọ́jọ́ gígùn sàn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn ń yá díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Àwọn mìíràn ń bá a yí fún ọdún púpọ̀. Ohun tí ó ń ba tiwọn jẹ́ jù ni ìpá tí a ń fi lé wọn dìde.

Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe ní abúlé. Bí ẹnì kan kò bá ní egbò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣẹ́, tí ó ń jẹun, tí ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí kò lè lọ sóko, a ó ní ọ̀lẹ ni. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbin àgbàdo, a ó máa wò ó bí ẹni tí ń jẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí obìnrin ni, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i. Àwọn kan á ní ayé ni ó ń ṣe é, owó oko á sì tán sórí rẹ̀ láìsí ìwòsàn. Òun náà, nítorí ìtìjú, yóò gbé ọkọ́ lọ sóko. Yóò ṣe é ní ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ kẹta, kò ní lè dìde lórí ẹní. Àwọn tí ó rí i lóko ní àná yóò sọ pé, “Ẹ ò rí i, ó ń dọ́gbọ́n ni.”

Ẹ̀yin ará, àṣìṣe tí wọ́n ṣe sí àwọn nọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí á ṣe é sí ọmọ ìyá wa. Àáró oko lè ràn án lọ́wọ́: lónìí a ṣe oko tirẹ̀, bí ara rẹ̀ bá yá ní ọdún tí ń bọ̀, òun náà yóò san án. Ọmọ ilé-ìwé lè bá a gbé omi. Ìyàwó tàbí ọkọ lè sọ fún àlejò pé, “Ó ń sinmi ni, dókítà ni ó ní kí ó sinmi.” Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ oògùn.

Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ni í nini lára. Ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé rìn dé láti ọdún 1863 nìyẹn. Wọ́n ní kí aláìsàn sùn, wọ́n ṣì í. Wọ́n ní kí ó fi ipá dìde, wọ́n tún ṣì í. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé ìwọ̀n ni.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni Richard Asher sọ nípa ibùsùn ní ọdún 1947?
2. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó yè rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀? Kí ni ó fà á?
3. Ìbéèrè wo ni a gbọ́dọ̀ bi ẹni tí Kòrónà kò tíì fi sílẹ̀ kí á tó fún un ní ìdárayá?
4. Ní abúlé yín, ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí a ń pè ní ọ̀lẹ, tí ó lè jẹ́ pé àìsàn ni? Ẹ má ṣe dárúkọ rẹ̀ láàrin àwùjọ. Ẹ jíròrò ohun tí ẹgbẹ́ yín lè ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.